150 nínú 400: àwọn ọmọ ló lẹ̀bi àbí àwa?

Bàbá Tísà: JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé, fi 150 ṣe máàkì tó kéré jù fún yunifásítì lọ́dún 2025. Ti poli àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, 100. Nínú 400 o! Ọmọ tó gba 100, kí ló kà? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, àwa náà sì ń rẹ òdiwọ̀n sílẹ̀ fún wọn. Ṣé kí wọ́n gbé e sókè ni àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Fóònù ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ṣakí Boy: "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí." Mi ò ka ìyókù. Ta ló sunkún níwájú àwọn oníròyìn lóṣù karùn-ún 2025, ṣé ọmọ ni àbí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, ọ̀gá JAMB nígbà náà? Nǹkan bí 380,000 ọmọ, ní Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe, torí kọ̀ǹpútà JAMB ló ṣàṣìṣe.

Bàbá Tísà: Ọmọ mi, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ńkọ́? Nínú bíi mílíọ̀nù méjì tó ṣe é, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò gbà tó 200.

Ṣakí Boy: Kí wọ́n tó tún un ṣe ni wọ́n ka iye yẹn, sà. WAEC náà ńkọ́? Lọ́dún 2025 kan náà, wọ́n ní ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tó fi di bíi 63. Àwọn àgbà ló fi kọ́ọ̀dù tí kò tọ́ máàkì Gẹ̀ẹ́sì.

Tísà Fisíìsì: Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo fún ọmọ níṣẹ́ àṣetiléwá, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo rí nínú ìwé. Tó bá di àsìkò WAEC, ẹ ó wá bi mí pé ilé ìwé wo ni wọ́n ti ń "ran ọmọ lọ́wọ́". Ta ló kọ́ ọmọ lólè?

Ìyá Ìbejì: Èmi ò ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni o. Fóònù ni mo ní.

Ṣakí Boy: Mà, fóònù lẹ fi ń kọ ọ́ 😂

Ọ̀gá HND: Ẹ dúró ná. Kí ló dé tí ti poli fi jẹ́ 100? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fojú tín-ín-rín wa.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Ta ló fipá mú yín lọ?

Ọ̀gá HND: Ẹni tó fa wáyà iná ilé yín, HND ló ní.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Abájọ tó fi ń jó.

Ìyá Ẹlẹ́wà: Ẹ̀wà mi ti jóná torí ẹ̀yin méjèèjì 😂😂

Ọmọ Odùduwà: Awólọ́wọ̀ ti yanjú èyí láti 1955. Ẹ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ padà!

Tísà Fisíìsì: Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. JAMB là ń sọ.

Ọmọ Odùduwà: Ẹ̀KỌ́ Ọ̀FẸ́!

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ fara balẹ̀. 150 yẹn, ilẹ̀ ni, kì í ṣe àjà. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tiẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní 200, UI àti UNILAG ò ní pè é wá ṣe ìdánwò tiwọn. Ìṣègùn tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bàbá Tísà: 100 NÍNÚ 400! ÌDÁ KAN NÍNÚ MẸ́RIN!

Ọ̀gá HND: Lọ́yà, o ti gba wíìgì ni?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Kí ló kàn ẹ́?

Ọ̀gá HND: Ó ti di ọdún mélòó tó o ti wà ní Law School?

Lọ́yà Ìjẹ̀bú: Ta ló sọ fún ẹ?

Ọ̀gá HND: Ìwọ ni. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lánàá.

Ìyá Ẹlẹ́wà: Ha! Mo tún ti gbé òmíràn kaná, ẹ máa bá a lọ.

Dépò Kánádà: Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mi ò ka òkè. Èló ni poli ń gbà báyìí?

Ọ̀gá HND: 100. Kí lo fẹ́ sọ?