Èsì wa sí ìyá tó ní àga ọkọ̀ ti kéré fún ọmọ oṣù mẹ́wàá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mọ́mì wa ní Ìgbógbó. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì. Ẹ ní àga ọkọ̀ tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa nígbà tí ẹ bímọ ti kéré, pé ọmọ kò tíì ju oṣù mẹ́wàá lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò, tó ń ti ẹ̀yìn ìjókòó, àti pé dádì rẹ̀ ti yí àga náà kí ọmọ lè máa wo iwájú. Inú wa kò bàjẹ́ sí i. Àwọn ìyá mìíràn tó ń ro bẹ́ẹ̀ á rí èsì yìí kà.

Èyí tí kò ṣeé fi dọ̀la la ó kọ́kọ́ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àga náà padà kó kọjú sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó tún kúrò nílé. Irú tí ẹ rà yẹn, tó ní ọwọ́ ìgbé bí agbọ̀n, kò ní ọ̀nà tí bẹ́líìtì lè gbà dì í mú bó bá kọjú síwájú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí bẹ́líìtì ọkọ̀ ń gbà kọjá: àmì búlúù lẹ máa rí. Búlúù ni ti kíkọjú sẹ́yìn, pupa ni ti kíkọjú síwájú, tiyín kò sì ní pupa kankan. Bí ẹ ṣe yí i yẹn, bẹ́líìtì kàn sinmi lé e ni. Tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, tọmọ tàga ló máa fò síwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wá kàn. Ẹsẹ̀ kọ́ la fi ń mọ̀ pé ọmọ ti ju àga lọ. Ẹ wò ó lórí ẹní, ṣé ó máa ń na ẹsẹ̀ tán? Bó ṣe ká a yẹn kò ni ín lára, àwa àgbà la ń bá a rò ó. Orí àti ọrùn ló yẹ ká rò. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo gan-an tí a bá fi wé ara rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan tí ọmọ kọjú síwájú, okùn á di àyà mú, orí á ṣì máa lọ, ọrùn ló máa fara gbá a. Bó bá kọjú sẹ́yìn, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn á jọ rọ̀ mọ́ ara àga lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ tó bá kán ṣeé tò. Ọrùn ńkọ́?

Nǹkan méjì ló ń lé ọmọ kúrò nínú àga yín, èyí tó bá ṣáájú dé: ìwúwo, tàbí ibi tí orí dé. Kílò 13 ni àlẹ̀mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ. Ẹ má lo ìwúwo orí káàdì àjẹsára, ó lè jẹ́ ti abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ló sì kàn. Ẹ gbé ọmọ dání gun òṣùwọ̀n, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún nìkan gun ún, kí ẹ yọ ìkejì kúrò nínú èkíní. Ọmọ oṣù mẹ́wàá sábà máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 8 sí 9, nítorí náà a kò rò pé ìwúwo ló fà á.

Orí lẹ máa fara balẹ̀ wọ̀n. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ ṣí aṣọ àga yẹn wò: ṣé fọ́ọ̀mù ọmọ tuntun ṣì wà nídìí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ àga tí wọ́n ń gbé wá pé ó ti kéré, a máa ń bá a níbẹ̀. Ìkókó tí kò tíì lágbára ọrùn ni wọ́n ṣe é fún, ó ń gbé ìdí sókè, ó sì ń jẹ àyè orí. Ìwé tó bá àga wá sọ ìwúwo tó yẹ kí ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ọmọ sínú àga kí ìdí rẹ̀ kan ẹ̀yìn dáadáa, ẹ dè é, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ (rìbọ́ọ̀nù àti fìlà kò sí nínú ìṣirò), kí ẹ fi rúlà wọn àyè tó kù sí etí òkè àga. Bó bá ṣì ku sẹ̀ǹtímítà 2.5, ìyẹn ínṣì kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa lò ó lọ. Bí kò bá tó, àga ti kéré lóòótọ́, kódà bí ọmọ ò bá tíì wọn kílò 10.

Ẹ yẹ okùn èjìká náà wò. Fún ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, ihò tó ṣe déédéé èjìká tàbí tó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀ ni okùn ń gbà jáde. Okùn tó bá ṣì wà ní ihò ìsàlẹ̀ pátápátá láti ìgbà ìkómọ á máa tẹ ọmọ léjìká, á máa ké, ẹ ó sì rò pé àga ló fún un. Bí ẹ bá lè fi ìka méjì ká okùn pọ̀ lókè àyà rẹ̀, kò tíì le tó. Ṣọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ okùn, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán. Kòtò ojú ọ̀nà wa a sì máa tú bẹ́líìtì ọkọ̀: ẹ di àga mú níbi àmì búlúù, ẹ mì í. Bó bá mì ju ínṣì kan lọ, ẹ tún un fà. Ìjókòó iwájú tí àpò afẹ́fẹ́ (airbag) rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ léèwọ̀ pátápátá.

Bí ọmọ bá ju èyí lọ, kíkọjú síwájú kọ́ ló kàn. Àga ńlá wà tó ń kọjú sẹ́yìn dé kílò 18. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tó sọ ní 2011 pé kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí dé ọdún méjì yí i padà ní 2018, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kún ìwọ̀n àga fúnra rẹ̀. Ìlànà R129 ti Yúróòpù lórí àga ọkọ̀ ọmọdé pẹ̀lú kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó pé oṣù 15.

Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tí kò tó ínṣì kan, ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, a ó gbà á padà, ẹ ó sì fi díẹ̀ kún un fún èyí tó tóbi, bí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ kò bá ya tí kò sì tíì bá ọkọ̀ wọ jàǹbá. Kí ọkọ̀ àti ọmọ jọ wá, ká lè bá yín dè é. Òwúrọ̀ Sátidé ló dára jù, kí oòrùn tó mú irin bẹ́líìtì gbóná.