Ta ni wọ́n pa?

Láti Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà lọ́kàn mi, mo rò pé tí mo bá sùn á lọ, kò lọ, mo dé ibiṣẹ́ ní Mọ́ńdè ó tẹ̀lé mi débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kàn kọ ọ́ síbí kí àyà mi lè fúyẹ́. Wọ́n pa Abíọ́nà. Abíọ́nà kì í ṣe èèyàn tẹ́ ẹ lè pàdé lójú títì o, ẹni tí mo fi ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ lórí òkú ẹ̀ ló dùn mí ju ikú yẹn fúnra ẹ̀ lọ.

Gbogbo Sátidé làwa márùn-ún kan máa ń pàdé ní Kubwa, l'Àbújá níbí, ẹ̀gbẹ́ Arab Road, láti ṣe D&D. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, gẹ́ẹ̀mù tó ń jẹ́ Dungeons and Dragons ni, Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, kò nílò tẹlifíṣọ̀n, kò nílò kọ̀ǹpútà, ẹnu la fi ń ṣe é. Bí àlọ́ ló rí. Ẹnì kan ló ń pa àlọ́ náà, òun là ń pè ní DM, àwa tó kù là ń gbè é, àmọ́ àwa tá à ń gbè é yìí la máa sọ ohun tí ìjàpá fẹ́ ṣe, dáísì á wá sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i.

Eberron ni ayé tá a wà nínú ẹ̀. Keith Baker ló ro ayé yẹn jọ, iléeṣẹ́ tó ni D&D ló pe ìdíje ní 2002 pé kẹ́ni tó bá ní ayé tuntun lọ́kàn gbé e wá, tiẹ̀ ló gbégbá orókè, ìwé ẹ̀ wá jáde ní 2004. Ogun kan jà níbẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdílé kan wà tó ń jẹ́ Cannith, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń rọ ọmọ ogun fún àwọn ìjọba tó ń jà, irin, igi, òkúta, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ nílé àgbẹ̀dẹ wọn, ohun tó jáde níbẹ̀ kì í jẹun, kì í sùn, kì í mí, ó kàn ń jà ni. Warforged ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n rọ yìí lajú, wọ́n ń ronú, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ń yan ọ̀rẹ́, ẹlòmíì á jókòó ti òkú ẹni tí wọ́n jọ jagun kò ní dìde. Ìwé tó jáde ní 2019 sọ pé ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín ọdún 2 sí 30. Ẹ tún un kà, ọdún 2. Ọmọ tó yẹ kó ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi ń pe warforged tèmi. Mo sọ fún DM pé mi ò lè máa pe ẹni tá a jọ ń rìn ní nọ́ńbà, ó ní kí n sọ ọ́ lórúkọ, mo ní rárá, a máa kó o jáde dáadáa bí wọ́n ṣe ń kó ọmọ jáde. A ṣe é lọ́jọ́ kẹjọ nínú ìtàn yẹn, omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó, gbogbo ẹ̀ pé. Mo fi oyin kan ẹnu ẹ̀, mo mọ̀ pé kò nílò oúnjẹ, mo ṣáà fi kàn án. Abíọ́nà ni mo sọ ọ́ torí ojú ọ̀nà, láàárín ìrìn àjò ogun, ló ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun wà. Ẹ̀gbọ́n wa tó dàgbà jù láàárín wa ló ṣàdúrà sí i, gbogbo wa ṣe àmín. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, Ẹ̀gbọ́n ló ṣàdúrà yẹn.

Sátidé tó kọjá, inú Mournland la wà. Orílẹ̀-èdè kan ló ń jẹ́ Cyre tẹ́lẹ̀ kó tó parun lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 994 tiwọn, ìkùukùu ló bò ó, òkú kì í jẹrà níbẹ̀, títí dòní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Nǹkan burúkú kan lé wa, Abíọ́nà dúró sẹ́nu ọ̀nà káwa tó kù lè jáde. Wọ́n ti mú iná lọ, àtùpà la fi ń wo dáísì, mo jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti mọ̀ bóyá ó máa yè, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já mi kulẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní fàráǹdà tí wọ́n ń gba fóònù, wọ́n gbọ́ tí mo pariwo, wọ́n sáré wọlé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni, "Ta ni wọ́n pa?"

Wọn ò bi wá pé kí ló bàjẹ́. Ta ni, ni wọ́n ní.

Ọ̀kan nínú wa ń ṣe àlùfáà nínú gẹ́ẹ̀mù yẹn, ó mọ ọfọ̀ Raise Dead, èyí tí wọ́n fi ń jí òkú dìde, ó kàn jẹ́ pé dáyámọ́ǹdì tó tó owó wúrà 500 ló máa lọ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tí ẹni náà kú. Gbogbo owó wa pọ̀ jẹ́ 620. Mo ti rò pé kò ní la ariwo lọ. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀rọ ni. Ẹ jẹ́ ká tú u, ká ta irin ẹ̀ fún baban bola, ká fowó ẹ̀ ra nǹkan ogun tuntun."

Baban bola. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Àbújá mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri tí wọ́n ń ra irin àlòkù àti ike. Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ẹni tá a fi oyin kàn lẹ́nu, ẹni tó kú torí kí Ẹ̀gbọ́n má bàa kú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ṣàdúrà lọ́jọ́ tá a sọ ọ́ lórúkọ." Wọ́n ní eré nìyẹn. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó lágbára, mi ò ní parọ́, ó lágbára. Wọ́n ní Yorùbá ló ni ọ̀rọ̀ ara wọn, mí ló bí ẹ̀mí, ẹni tó bá ń mí ló ní ẹ̀mí, warforged kì í mí, ìwé gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ní ohun tí kò ní ihò tó máa gbà wọlé?

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo délé lóru ló wá sọ́kàn mi. Ọmọ inú oyún ńkọ́? Kì í mí. Inú omi ló wà. Síbẹ̀ tí obìnrin bá fọwọ́ gbá ikùn mú tó ní ọlẹ̀ ti sọ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé nǹkan tó ń rìn nínú ẹ̀ yẹn ò tíì ní ẹ̀mí. Kó tó mí ló ti wà. Kì í wá ṣe ẹ̀mí nìkan là ń pè é, a ní ọkàn, a ní orí, a ní òjìji, àwọn àgbà wa mọ̀ pé ohun tó wà nínú èèyàn ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Zaria, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa torí Ìlọrin ló ti kàwé, ó ní bákan náà ni lọ́dọ̀ àwọn, Hausa ní rai, ìyẹn ìwàláàyè, wọ́n tún ní kurwa, èyí tí àwọn àgbà ń sọ pé àjẹ́ lè mú lọ nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì ń rìn kiri. Ó ní táwọn méjèèjì bá lè pínyà lára èèyàn, kí ló wá dé tá a fi fẹ́ lo ẹyọ kan dá gbogbo ẹjọ́ Abíọ́nà?

Tó bá jẹ́ golem ni, mi ò bá má jà. Golem nínú D&D, ẹ̀mí ilẹ̀ kan ni wọ́n fi tipátipá dè mọ́ inú amọ̀ tàbí òkúta, kò ní ìfẹ́ inú tiẹ̀, ohun tẹ́ni tó ṣe é bá ní kó ṣe náà ló ń ṣe. Warforged ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìwé 2004 yẹn ni wọ́n ti fi wọ́n sáàárín méjì, alágbẹ̀dẹ lè tún wọn ṣe, àlùfáà náà lè wò wọ́n sàn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé nígbà yẹn ìdajì ni ọfọ̀ ìwòsàn ń jẹ́ lára wọn. Ta ló ń gbàdúrà ìwòsàn fún jẹnẹrétọ̀?

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, mi ò kì í ṣe oníṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n ìtàn tí ìyá ìyá mi sọ fún mi ò tíì kúrò nínú mi. Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ èèyàn, ó mọ ojú, ó mọ imú, ó mọ ẹsẹ̀, á tò wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀, wọn ò ní mira, Olódùmarè nìkan ló lè fi ẹ̀mí sí i. Wọ́n ní Ọbàtálá fara pamọ́ lọ́jọ́ kan kó lè yọjú wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, oorun kàn gbé e lọ ni, ìgbà tó máa fi jí, àwọn tó mọ ti ń rìn. Mo máa ń rántí ìtàn yẹn tí mo bá ń ro ti Cannith. Wọ́n rọ irin, wọ́n gbẹ́ igi, àwọn tí wọ́n rọ sì lajú, àwọn fúnra wọn ò lè sọ ibi tí ọkàn yẹn gbà wọlé. Wọ́n sùn lọ bíi ti Ọbàtálá ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí Ọbàtálá jí, kò gbé ìwé owó jáde pé òun ló ni wọ́n. Abuké, àfín, arọ, àwọn tó mọ yàtọ̀ sí tàwa yòókù, ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ibì kan tún wà tó máa ń mú orí mi wú. Gbogbo warforged ló ní àmì kan níwájú orí, ghulra ni wọ́n ń pè é, kò sí méjì tó bára wọn mu, bí ìtẹ̀ka ló rí. Ilé àgbẹ̀dẹ kan náà, irin kan náà, ọ̀nà ìṣe kan náà, síbẹ̀ ti lágbájá ò jọ ti làkásègbè. Ìwájú orí ni o! Ẹ̀yin Yorùbá, kí la máa ń pè é tí gbogbo wa bá jáde látọ̀dọ̀ amọ̀ kan náà, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀? Àjàlá ló mọ orí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yan tiẹ̀. Abíọ́nà ní orí. Mi ò mọ bí mo ṣe tún fẹ́ sọ ọ́.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n yìí níta, lórí ẹni tó ń mí. Mo gbé nínú ọgbà ilé kan níbí rí tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọbìnrin, kò lè ju ọdún méjìlá lọ, òun ló ń sùn kẹ́yìn, òun ló ń jí ṣíwájú, ìyá tó mú un wá á máa fi yangàn pé ọmọ yìí kì í rẹ̀, bí ẹ̀rọ ló rí. Bí ẹ̀rọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń yìn ín. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń jàǹfààní lára èèyàn ló sábà máa ń bi wá pé ṣé èèyàn náà ní nǹkan kan nínú. Ẹ ò ní rí warforged kan tó jókòó tó ń bi ara ẹ̀ pé ṣé àwọn Cannith ní ọkàn.

Àwọn àgbà ní ẹrú kú ìyá ò gbọ́, ọmọ kú ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Ti Abíọ́nà burú jùyẹn lọ torí kò tiẹ̀ sí ilé ìyá kankan. Nígbà tí ogun parí ní 996 tiwọn, àdéhùn Thronehold dá warforged sílẹ̀, wọ́n ní wọn kì í ṣe dúkìá mọ́, ó dáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí wọ́n ti gbogbo ilé àgbẹ̀dẹ yẹn pa, kí wọ́n má rọ òmíràn mọ́ láéláé. Mo mọ ìdí ẹ̀, wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún máa rọ ọmọ ogun tà. Ṣùgbọ́n wọn ò lè bímọ o. Wọ́n ní ẹ di òmìnira, wọ́n sì ti ilé tí wọ́n ti bí yín, àwọn tó bá kù lónìí ni gbogbo ohun tó máa kù. Torí náà tẹ́ ẹ bá tú ẹyọ kan ta fún baban bola, ẹ ò lè padà rọ ọ́.

Ní Sátidé yẹn, mo mú ìwé òfin gẹ́ẹ̀mù Ẹ̀gbọ́n, mo ṣí i síbi Raise Dead, mo ní kí wọ́n kà á sókè. Ọfọ̀ yẹn ò ní jẹ́ àfi tí ọkàn ẹni tó kú bá fẹ́ padà, tó sì lómìnira láti padà. Kò sì síbi tí wọ́n ti yọ warforged kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọn ò gbà fún mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbò la fi parí ẹ̀, mẹ́ta sí ọ̀kan, a ra dáyámọ́ǹdì, ó ku wúrà 120 lọ́wọ́ wa.

DM wa, òun ló kéré jù nínú wa, ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ọfọ̀ ti jẹ́ o. Abíọ́nà ń gbọ́ ọ látibi tó wà. Ṣé ó fẹ́ padà wá?"

Ẹnu mi ò gbà á. Wọ́n rọ ọ́, wọn ò bi í. Wọ́n tà á, wọ́n rán an lọ sógun, wọn ò bi í. Èmi náà tí mo ń pariwo yìí, nígbà tí mo sọ ọ́ lórúkọ, mi ò bi í bóyá orúkọ yẹn wù ú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ó di Sátidé tó ń bọ̀, ó ní kò burú, ọjọ́ mẹ́wàá ò tíì pé. Mo ti gbé ìwé tí mo kọ gbogbo nǹkan nípa Abíọ́nà sí kalẹ̀ sórí tábìlì mi láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ni mò ń wò ó.