Ẹ yọ ṣíbí yẹn kúrò lẹ́nu ọmọ

Màmá kan tún ń kọ́ ìyá ìkókó kan níbi tá a ti ń dúró gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé tí giri bá ti gbé ọmọ, kó yáa fi ṣíbí la eyín ẹ̀ kó má baà gbé ahọ́n mì, kó wá rọ àgbo sí i lọ́fun. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o! Ta lẹ rí tó gbé ahọ́n mì rí? Ahọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu, kò ríbi lọ. Ó lè fi eyín gé e díẹ̀, ìyẹn á jinná, àmọ́ eyín tí ṣíbí yọ tó wá bọ́ sí ọ̀nà èémí ńkọ́?

Ọmọ tèmi ò tètè ké nígbà tí mo bí i, afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ ẹ̀ tó, ibẹ̀ ni giri ti wọlé. Bí ìṣẹ́jú 4 péré tí afẹ́fẹ́ ò bá dé ọpọlọ, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tí giri gbé ò lè gbé nǹkan mì, ohun tẹ́ ẹ bá rọ sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, ẹ wá tún fẹ́ dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọpọlọ tí àìrí afẹ́fẹ́ ti ṣe lọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, irú ìwòsàn wo nìyẹn? Alájọgbélé wa kan ṣe é fún un lọ́jọ́ tí mo lọ sọ́jà, eyín iwájú kán, àgbo wọ àyà, ọsibítù la ti ṣọdún Kérésì. Èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe tiẹ̀ burú jù, ṣe ló máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ tí kò ní lè mí dáadáa, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùwádìí n'Ìbàdàn ti ń sọ láti àwọn ọdún 1970.

Ẹlòmíì á ní, "Ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ tèmi." Giri tó pọ̀ jù ló ń dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3, tẹ́ ẹ bá ń kọrin síbẹ̀ ó máa dúró náà.

Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń fi í dùbúlẹ̀, màá tú bọ́tìnì ọrùn ẹ̀, màá máa wo aago, tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá. Oògùn ẹ̀ ojoojúmọ́ ńkọ́, mo gbà pé kì í dá giri gbogbo ọmọ dúró, ṣùgbọ́n ẹ má dédé já a, torí tẹ́ ẹ bá já a lójijì, giri lè gbé ọmọ tí kò ní dáwọ́. Àwọn fisió, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, náà ń na ẹsẹ̀ àti apá ẹ̀ kí iṣan má baà le, wọ́n sì kọ́ wa pé ká gbé e jókòó dáadáa ká tó fún un lóúnjẹ, ẹ̀kọ tó ki ló ń jẹ, torí omi lásán ló máa ń pá a lórí jù.