Ọdún kan kò tó fún ritéénà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lo bíréésì (wáyà tí wọ́n fi ń to eyín) gbà gbọ́ ni pé bí wọ́n bá ti yọ ọ́, téèyàn sì lo ritéénà (ike tàbí wáyà tó ń di eyín mú síbi tí wọ́n tò ó sí) fún ọdún kan, eyín ti dúró nìyẹn, kò tún lè yẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Iye ọdún tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí eyín yín fi wà ní títò, iye rẹ̀ náà lẹ ó fi máa fi ritéénà sùn.

Eyín kò lẹ̀ mọ́ eegun àgbọ̀n tààrà. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ló so ó rọ̀ mọ́ eegun, òmíràn sì wà nínú erìgì tó yí ọrùn eyín ká. Bí bíréésì ṣe ń ti eyín lọ ló ń fa gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá yọ bíréésì tán, àwọn fọ́nrán tó wà lára eegun máa ń lo oṣù 3 sí 4 kí wọ́n tó tún ara wọn tò, ti erìgì a máa lo oṣù 4 sí 6. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú erìgì tó dà bíi rọ́bà tí wọ́n fà: wọ́n ṣì lè máa fa eyín padà lẹ́yìn ọdún kan. Ìdí rèé tí eyín tó ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ fi ń kọ́kọ́ yí padà. Èjí tí wọ́n pa dé náà kì í pẹ́ là padà (ẹwà tí ẹlòmíì ń sanwó kí wọ́n bá òun là, àmọ́ kálukú ló mọ ohun tó wù ú).

Tó bá jẹ́ fọ́nrán nìkan ni, èèyàn ì bá ju ritéénà nù lọ́dún kejì. Àgbọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń yí padà bí a ṣe ń dàgbà. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àní lẹ́nu ẹni tí kò lo bíréésì rí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Washington ní Seattle, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yẹ ẹnu àwọn tí wọ́n ti to eyín wọn wò ní ọdún 10 lẹ́yìn tí wọ́n pa ritéénà tì: nínú ẹni 10, eyín ìsàlẹ̀ bíi 7 ti tún wọ́. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó tún burú sí i. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru eyín ọgbọ́n, ìyẹn eyín tó ń hù kẹ́yìn ní ìpẹ̀kun àgbọ̀n. Eyín ìsàlẹ̀ ẹni tí kò ní in náà ń fún pọ̀, nítorí náà ẹ má torí èyí nìkan yọ ọ́.

Níbo wá ni ọdún kan ti wá? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ látinú irú ètò yìí: Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, máa ń bójú tó ritéénà fún oṣù 12 lẹ́yìn yíyọ bíréésì, lẹ́yìn náà ó di owó ara ẹni. Ètò owó nìyẹn, eyín ò mọ̀ ọ́n.

Òmíràn nínú àwọn dókítà á ní kẹ́ ẹ máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, òmíràn á ní alẹ́ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ti dókítà yín. Tí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ dín in kù, ritéénà fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí: bó bá ń fún yín nígbà tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, àkókò tẹ́ ẹ fi ń wà láìwọ̀ ọ́ ti pọ̀ jù.

Bẹ́ ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Tó bá fún ṣùgbọ́n tó wọlé tán, ẹ máa wọ̀ ọ́ títí yóò fi dẹ̀. Tí àlàfo bá wà láàárín ẹnu eyín àti ike, ẹ má fi eyín tẹ̀ ẹ́ wọlé, yóò sán. Ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Ẹ rántí pé ritéénà tuntun tí wọ́n bá wọn sí eyín tó ti yẹ̀, ibi tó yẹ̀ sí náà ni yóò dì í mú sí.

Ritéénà oníwáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín ń tan èèyàn jẹ. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè já lára eyín kan ṣoṣo láìdunni, eyín yẹn á sì máa rìn lọ. Tí wáyà náà bá tẹ̀, òun gan-an ni yóò máa ti eyín. Ẹ máa fi èékánná ìka tọ eyín kọ̀ọ̀kan wò lóṣooṣù.

Ní ti ìtọ́jú, omi gbígbóná ló ń ba ritéénà oníke jẹ́ jù, nítorí ó ń jẹ́ kó wọ́. Oòrùn inú mọ́tò náà ń ṣe é. Omi tútù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan ti tó. Ọṣẹ ìfọyín ń ha ike, ojú híha yẹn ni ìdọ̀tí àti òórùn ń sá sí. Bí nǹkan funfun líle bá dì mọ́ ọn, ẹ da fínígà funfun àti omi pọ̀ lọ́gbọọgba, ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má lo Hypo: ó ń jẹ irin ara ritéénà tó bá ní wáyà. Ẹ má wọ ritéénà oníke mu mọ́ọ̀tì tàbí mínírà, ṣúgà á há sábẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, ẹ fi ìka yọ ọ́ láti eyín ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, inú páálí rẹ̀ ni kó lọ. Tíṣù tí wọ́n fi wé e lórí tábìlì òde àríyá ni wọ́n sábà máa ń kó dànù mọ́ ọn.

Ẹ bẹ dókítà pé kó tọ́jú mọ́ọ̀dù (ẹ̀dà eyín yín tí wọ́n mọ) tàbí àwòrán kọ̀ǹpútà ẹnu yín ti ọjọ́ tí wọ́n yọ bíréésì. Bí ritéénà bá sọnù, ara rẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe òmíràn, bẹ́ ẹ bá tètè lọ.