Ẹ gbé ìlà tó wà nísàlẹ̀ yẹn sókè: èrò ọkàn mi lórí ìkéde ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ ìkéde ọ̀sẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí: ẹ̀yin ọ̀gá wa tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ jẹ́ aṣojú kíláàsì, tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó lè gba ẹ̀mí èèyàn là nínú ìkéde yẹn, ìyẹn èyí tó ń sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ dààmú ti lè rí ìrànlọ́wọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ máa ń fi í sí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sókè, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ tún un kọ.

Ẹni tó bá ti gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ìdánwò anátómì ti yí láti ọjọ́ Ẹtì sí Ọjọ́rú. Ẹni tí kò bá tíì parí abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn, kò ní wọ wọ́ọ̀dù. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù ọ̀gá kó tó di ọjọ́ báyìí. Ẹgbẹ́ A ń lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ẹgbẹ́ B ń lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ní ọjọ́, gbogbo rẹ̀ ló ní aago, gbogbo rẹ̀ ló sì ní ohun tójú máa rí bí èèyàn bá gbàgbé. Lẹ́yìn èyí ni ìlà kan á wá jókòó sí ìsàlẹ̀: “Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nílò ìmọ̀ràn lè kàn sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.” Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà, kò sí aago. Ìlà kan náà ni, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí ojú á fi máa fò ó kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè 43 jọ. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 100, bíi 27 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àmì rẹ̀. Bíi 11 nínú 100 ló ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara wọn. Síbẹ̀, iye kẹta ni kì í kúrò lọ́kàn mi: nínú àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yìí, bíi 16 péré nínú 100 ló wá ìtọ́jú lọ. Àwọn yòókù ń gbé e kiri. Ẹ rántí pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá àìsàn yẹn mọ̀ lára ẹlòmíì. Wọ́n lè ka ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán inú PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò, fún aláìsàn láìwo ìwé. Inú ilé ìwòsàn ni wọ́n wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àárín dókítà àti nọ́ọ̀sì, wọn ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ etí tó ń sọ ọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mọ̀ pé ọ̀gá tó ń bá òun sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò jókòó síwájú òun nígbà ìdánwò àfẹnusọ. Ó ń rò ó pé bóyá wọ́n máa kọ ọ́ sínú fáìlì òun, pé lọ́jọ́ tí òun bá ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, ẹnìkan máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ yín o, bóyá kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ló yẹ kí ìkéde dá lóhùn. Kò yẹ kó jẹ́ pé inú ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́, tẹ́nikẹ́ni kì í ṣí, ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ bí mo ṣe fẹ́ kó rí, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé ẹnu lásán ni mo ní:

“Bí oorun kò bá kun ojú rẹ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ohun tó ń múnú rẹ dùn tẹ́lẹ̀ kò bá mú un dùn mọ́, tàbí bó o bá ń rò ó pé ó sàn kó o kú, pe agbaninímọ̀ràn wa. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ó wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago méje, nígbà tí wọ́ọ̀dù ti parí. Kì í ṣe olùkọ́, kò ní ọwọ́ nínú máàkì ẹnikẹ́ni. Ohun tó o bá bá a sọ kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ tàbí ẹ̀mí ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ òru ni tí o kò sì lè dúró di àárọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé tọ̀sántòru nìyí.”

Kò gùn. Gbogbo ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn ló ti fọwọ́ kàn: ta ni, ìgbà wo, ta ló máa gbọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ibi tó ní “àyàfi” yẹn, nítorí irọ́ ni láti ṣèlérí pé ohunkóhun kò ní jáde láé, ẹni tó bá sì já irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Ẹ má ṣàìfi ọ̀rọ̀ ikú síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé téèyàn bá dárúkọ rẹ̀, ó ti fi í sí ọmọ lọ́kàn nìyẹn. Ẹni tó ti ń rò ó kò dúró de ìkéde yín kó tó rò ó, kó rí i pé ẹnìkan lè pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ láìfòyà ni ìtura rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tó gún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ ìkéde kì í sọ rárá. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní wọ́ọ̀dù lóru. Ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn tó ń jà pìtìpìtì, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó sì rí i pé ìbọ̀wọ́ òun ti lu, ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó ń jáde ní ìka ìtọ́ka. Ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń kanra láti ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yìí á yọ ìbọ̀wọ́, á wọ òmíràn, á parí iṣẹ́ náà, kò sì ní sọ fẹ́nì kankan. Tílẹ̀ bá mọ́, á máa wá ìdáhùn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yẹ kó mọ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Fi ohun tó ò ń ṣe sílẹ̀, kó o fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú rẹ ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi nìkan ni kó o fi ṣan án. Má fún ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, má sì da búlíìshì sí i. Sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó o pe nọ́ńbà báyìí. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ewu HIV fúnra rẹ̀ kéré, bí ẹyọ kan nínú 300 nígbà tí aláìsàn bá ní kòkòrò náà; ti hepatitis B ló ga, ó lè tó 30 nínú 100 fún ẹni tí kò gba àjẹsára. Ẹ rí i pé ìdí tó fi yẹ kí ìkéde àjẹsára wà lókè nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyà nìkan lẹ máa ń kọ sí i, ẹ kì í kọ ìdí. Ọmọ tó mọ iye yìí máa tètè sáré lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, ojú rẹ̀ kò ní ṣókùnkùn.

Mo gbà pé ìkéde nìkan kò tó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé agbaninímọ̀ràn wà ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá sí ní wọ́ọ̀dù láàárín àkókò yẹn máa pàdánù máàkì ìwásíkíláàsì, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gba àyè láti lọ rí dókítà tirẹ̀ láìṣàlàyé àìsàn rẹ̀ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Ìyẹn náà ìkéde ni, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo àwòrán òdòdó tí wọ́n máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Saint Louis University ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí mo gba tiẹ̀ gidigidi. Stuart Slavin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Academic Medicine ní 2014. Wọn ò kàn sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó lọ gba ìmọ̀ràn, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún tò. Wọ́n sọ máàkì àwọn ọdún tó ṣáájú wọ́ọ̀dù di “ó yege” àti “kò yege”, wọ́n dín wákàtí ìjókòó kíláàsì kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa ríra wọn sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè kojú ìdààmú ọkàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn dín kù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ ò ní láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan. Ẹ kàn ka ìkéde yín ti oṣù kan pọ̀, kẹ́ ẹ ka iye gbèdéke tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ máa rí ibi tí ìṣòro náà ti ń wá.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Ní ayé tiwa, kò sẹ́ni tó kẹ́ wa bẹ́ẹ̀, a sì di dókítà. Ẹ di dókítà lóòótọ́. Àwọn tí wọn ò dì í kò sí níbí láti sọ tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà lágbàáyé, World Medical Association, tó gbé ẹ̀jẹ́ dókítà ti Geneva kalẹ̀ ní 1948, fi gbólóhùn tuntun kún un ní 2017: pé dókítà yóò máa tọ́jú ìlera ara rẹ̀ àti àlàáfíà rẹ̀, kó lè tọ́jú aláìsàn dáadáa. Ẹ̀jẹ́ ni, kì í ṣe ohun téèyàn lè yàn láti má ṣe. Níbo ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ bí kò bá ti ọ̀dọ̀ yín kọ́ ọ?

Ẹ̀yin aṣojú kíláàsì, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ̀wé sí lóru. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè wá sí wọ́ọ̀dù lọ́la, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni.” Owó ilé ẹ̀kọ́ tí kò pé, ọ̀gá tó ń bú èèyàn níwájú aláìsàn, ọ̀gá tó ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin níbi tí kò yẹ, aláìsàn àkọ́kọ́ tó kú mọ́ èèyàn lójú, orí yín ni gbogbo rẹ̀ ń dé sí, ìdánwò tiyín sì ń bọ̀. Ẹ kì í ṣe agbaninímọ̀ràn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ yín dà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ owó, ta ni, ọ̀rọ̀ ìfìyàjẹni, ta ni, níbi tí ẹni tó fẹjọ́ sùn kò ti ní jìyà, ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ta la máa pè lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ìwé yẹn mọ́ orí ẹgbẹ́ WhatsApp yín kó má bàa sọ nù. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé òun fẹ́ kú, ẹ má tọ́jú rẹ̀ bí àṣírí, kódà bó bẹ̀ yín. Ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ pe ẹni tó yẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìsinmi. Ìkéde máa ń dáwọ́ dúró tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti tì, àsìkò yẹn sì ni èsì ìdánwò máa ń jáde níbi púpọ̀. Ẹni tó kùnà á rí i lórí fóònù, òun nìkan, nígbà tí àwọn tó yege ń kọ ọpẹ́ sórí ẹgbẹ́ kíláàsì. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ìkéde jáde, kí èsì tó jáde pàápàá: orúkọ ẹni tó máa wà nídìí fóònù lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ tí ìdánwò àtúnṣe máa wáyé, ẹni tó máa bá wọn ka ìwé fún un, àti bí wọ́n ṣe máa rí ibi sùn bí hóstẹ́ẹ̀lì bá ti tì.