Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère: Ọ̀rọ̀ Israel Kamakawiwo'ole àti Àwọn Afiniṣẹ̀sín

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan báyìí tí fídíò kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín àwọn èèyàn wa. Ọkùnrin ràbàtà kan ló wà níbẹ̀, ó gbá gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní ukulele mọ́ àyà, ó ń kọrin. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó tutù, ó ń wọni lára. Mo rò pé ohùn yẹn ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Rárá o. "Òrobó rèé o!" "Ta ló ń bọ́ eléyìí?" Ẹ̀rín lórí ẹ̀rín. Ìgbà tí ẹnì kan wá sọ pé ọkùnrin náà ti kú láti 1997 ni gbogbo wọn yí ohùn padà. Ẹnu kan náà tó ń bú u ló ń sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire. Wọ́n ń fi àwòrán àbẹ́là ránṣẹ́. Inú bí mi gan-an.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tí a ò kà sí nígbà tó wà lókè eèpẹ̀, òun la ń wá igi gbẹ́ ère rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ò lè rí i mọ́.

Israel Kamakawiwo'ole ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní Iz. Honolulu ní Hawaii, àwọn erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti bí i ní May 20, 1959, ọdún yẹn gan-an ni Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ onílẹ̀ ni, ará Polinéṣíà, ara àwọn tí baba ńlá wọn fi ọkọ̀ ojú omi la òkun Pàsífíìkì já nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní máàpù rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ so mọ́ Ni'ihau, erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ṣì ń sọ èdè Hawaii nínú ilé títí di òní. Ní 1976, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Skippy pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, Mākaha Sons of Ni'ihau. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àìsàn ọkàn pa Skippy lójijì. Ọmọ ọdún 28 péré ni. Àbúrò ò jẹ́ kí orin náà kú, ó ń bá a lọ, nígbà tó sì yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òru ọjọ́ kan ní 1988, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọkùnrin kan wà tó ń gba ohùn olórin sílẹ̀ ní Honolulu, Milan Bertosa lorúkọ rẹ̀. Òru ti jìn, aago mẹ́ta ti fẹ́ lù, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ti sítúdíò pa kó máa lọ sílé. Fóònù dún. Wọ́n ní olórin kan fẹ́ wá kọrin. Ó ní kó di ọ̀la. Ni olórin náà fúnra rẹ̀ bá gba fóònù, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bertosa ní tó bá lè dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa bọ̀. Ó dé. Bertosa ò rí èèyàn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé náà ló lọ wá àga irin ńlá kan wá fún un. Ó jókòó, wọ́n gbé maikirofóònù síwájú rẹ̀, ó pa orin àtijọ́ méjì ti Amẹ́ríkà pọ̀ sọ́kan, "Over the Rainbow" àti "What a Wonderful World". Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ ọ́. Ó dìde, ó lọ.

Orin yẹn wà nípamọ́ lọ́wọ́ Bertosa fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fi sínú *Facing Future*, àwo orin tí Israel gbé jáde ní 1993. Àwo náà ni àkọ́kọ́ nínú orin àwọn ará Hawaii tó ta tó mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáá. Iṣẹ́ orin kọ́ niṣẹ́ rẹ̀. Àlejò dé lóru, ara àlejò tóbi, ó nílò ibi tó máa jókòó sí, ó lọ wá a. Ó tán.

Ẹ wá fi wé tiwa. Mo wà nínú dáńfó kan l'Ékòó nígbà tí ìyá kan tó sanra fẹ́ wọlé ní Ọjọ́ta. Kọ̀ndọ́ fẹsẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà: "Màmá, owó èèyàn méjì lẹ máa san o." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò bá a jà. Ó tú owó nídìí ìró, ó kà á lé e lọ́wọ́, ó wọlé, ó kọjú sí fèrèsé títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó san owó èèyàn méjì, ẹnì kankan ò sì sún fún un. Arábìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Bíbélì sì wà lórí itan rẹ̀.

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń bèèrè pé kí ni Israel ń jẹ, òkè ni wọ́n ń wò. Òótọ́ ni pé ó tóbi. Ìgbà tó sanra jù, ó lé ní 340 kílò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀. Ní 1893, àwọn oníṣòwò òyìnbó gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Lili'uokalani tó ń ṣàkóso Hawaii nígbà náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì dúró tì wọ́n. Ní 1896, wọ́n ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé. Odò tó ń bomi rin oko kókò àwọn onílẹ̀, àwọn olóko ìrèké darí rẹ̀ sí oko tiwọn. Àwọn tó ń jẹ kókò àti ẹja tútù di ẹni tó ń jẹ oúnjẹ inú agolo. Títí di òní, àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii jà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn tó ń gbé erékùṣù náà lọ. Skippy ti bá a lọ. Israel alára mọ̀ pé òun lè bá a lọ. Ó ní òun ò bẹ̀rù ikú, pé ayé méjèèjì làwọn ará Hawaii ń gbé. Ó ń kọrin nígbà tí ẹ̀rọ ń fún un ní atẹ́gùn. Ṣé ẹni tí a ó máa fi rẹ́rìn-ín nìyẹn?

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n yẹ́ ẹ sí nígbà tó wà láàyè. Ní 1997, nígbà tí wọ́n ń fún àwọn olórin Hawaii ní ẹ̀bùn Nā Hōkū Hanohano, ó gba oríṣiríṣi, orí ibùsùn ọsibítù ló sì ti ń wò ó. Ní June 26 ọdún yẹn, ó kú, ọmọ ọdún 38. Wọ́n fa àsíá ìpínlẹ̀ sí ìdajì òpó. Wọ́n fi igi koa kan pósí rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí ilé aṣòfin ní Honolulu. Àwọn méjì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣáájú rẹ̀, gómìnà lọ̀kan, sẹ́nétọ̀ ni ìkejì. Òun ò di ipò ìjọba kankan mú rí. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló wá kí i pé ó dàárọ̀. Wọ́n da eérú rẹ̀ sómi ní etíkun Mākua, àwọn èèyàn wà lórí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń bẹ́ sínú òkun, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá omi fún un.

Aráyé ìyókù ló pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìgbà tó kú tán ni àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà rántí ohùn rẹ̀. Ní 2010, orin tó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ lórí àga irin yẹn di orin tó léwájú gbogbo orin ní Jámánì. Ọdún kẹtàlá tó ti kú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín fídíò kiri, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Israel ò lè gbọ́ yín mọ́, ẹ̀gàn yín ò kàn án, àbẹ́là yín náà ò kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn olórin tiwa tó sanra, tó rù, tó ń tiro, tí irun orí wọn ti re, wọ́n wà láàyè, wọ́n ní fóònù, wọ́n ń ka gbogbo ìkọkúkọ yín. Ẹ mọ orin wọn sórí. Ẹ fi jó níbi ìgbéyàwó yín. Kí lẹ wá ń dúró dè? Ṣé pósí lẹ ń retí kẹ́ ẹ tó sọ pé ohùn wọn dùn? Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yìn lónìí, kẹ́ ẹ yìn ín sétígbọ̀ọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá sì lè sọ rere nínú yín, kó gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù, kó panu mọ́.