Ẹ Fi Kámẹ́rà Sílẹ̀ Ná, Ẹ Lọ Wá Máìkì

Ọmọ kan tó máa ń bá wa gbé iná lóko eré pè mí lálẹ́ àná, ó ní òun ti ń tọ́jú owó bọ̀ láti èṣí, ó ku díẹ̀ kí òun ra kámẹ́rà, ìgbà yẹn lòun máa wá bẹ̀rẹ̀ fíìmù òun. Mo ní ṣó ti ní ìtàn? Ó ní. Òṣèré ńkọ́? Wọ́n wà, kódà àbúrò ìyá ẹ̀ ti yọ̀ǹda ilé tí wọ́n máa lò. Kí ló wá ń dúró dè? Kámẹ́rà!

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Wọ́n ti gbìn ín sí gbogbo wa lọ́kàn pé láìsí kámẹ́rà olówó gọbọi kò lè sí fíìmù gidi, irọ́ ni jàre.

Fíìmù Living in Bondage tó jáde ní 1992, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n fi yà á, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n sì ń tà lọ́jà, òun ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ ibi tí Nollywood ti gbéra, bẹ́ẹ̀ kó tó jáde làwọn onítíátà Yorùbá ti ń fi fídíò ṣiṣẹ́, torí nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, ta ló rówó ra fíìmù oníróòlù mọ́? Bí àwòrán yẹn ṣe ṣú tó, àwọn ìyá wa jókòó tì í, wọ́n tún lọ yá a fún aládùúgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n máa sọ pé Tangerine ńkọ́, fíìmù tí Sean Baker gbé lọ sí Sundance, àjọ̀dún fíìmù Amẹ́ríkà, ní 2015, ṣebí iPhone 5s ni wọ́n fi yà á. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí ìtàn náà sí, wọn ò ní sọ fún yín pé ẹni tó mọṣẹ́ ohùn dunjú wà níbẹ̀, tòun ti máìkì gidi. Bákan náà ni fíìmù El Mariachi tí Robert Rodriguez fi nǹkan bíi 7,000 dọ́là yà, ọkùnrin yẹn fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń dán oògùn wò kó tó rí lára owó náà! Kámẹ́rà tó yá lọ́wọ́ èèyàn ń pariwo, torí náà tó bá ti yàwòrán tán, á pa á, á ní kí òṣèré tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ sínú rẹ́kọ́dà. Nígbà tí Columbia, iléeṣẹ́ fíìmù ńlá Amẹ́ríkà, sì rà á, owó tí wọ́n ná sí i kó tó dé sinimá, títí kan títún ohùn ṣe, fi ìlọ́po ìlọ́po ju 7,000 lọ.

Ohùn, ohùn, ohùn. Àwòrán tí ò mọ́, èèyàn á ní bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ohùn tí ò já geere, ẹ ò rí àlàyé ẹ̀ ṣe.

Ojú mi ló ṣe. Fíìmù kékeré àkọ́kọ́ tí mo ṣe, Abẹ́òkúta ni, àwa mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta, kámẹ́rà àti léńsì tá a háyà gba owó tó ju ìdajì lọ, a wá ní ká máa lo máìkì orí kámẹ́rà. Síìnì tí ìyá ti ń jẹ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀, òṣèré yẹn sunkún gidi, gbogbo wa dákẹ́ lọ́lọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan ni ò dákẹ́. Mo ní kò séwu, a máa tún un ṣe nídìí ẹ́díìtì. Háà! Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bá ti wọnú ohùn èèyàn dà bí epo pupa lára aṣọ funfun, tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa fọ̀ ọ́ títí, aṣọ lẹ máa fọ̀ ya. Nígbà tá a gbé e han àwọn èèyàn ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ìyá àgbà kan ló bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, “Kí ló wí?”, ẹ̀ẹ̀kẹrin ó dìde, ó lóun ń lọ gbé omi ẹ̀kọ kaná.

Èyí tá a ṣe tẹ̀ lé e, fóònù mi la fi yà á, àwa márùn-ún. Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ la rà, a so ó mọ́ fóònù kejì tó wà lápò òṣèré, a pàtẹ́wọ́ kan ká tó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ́díìtọ̀ lè fi bá àwòrán mu. A fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, torí iná NEPA wa 50Hz ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá fi síbòmíì, gílóòbù lè máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti tó iná. Kí ẹ tó gba ilé, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ ní wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ yà, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àbí ẹlẹ́rọ ata ló wà nítòsí. Owó kámẹ́rà tá ò háyà, oúnjẹ la fi rà, ẹni tó yó kì í kánjú lọlé.

Mi ò ní kámẹ́rà ńlá ò dáa o, tí ìtàn yín bá jẹ́ alẹ́ lásán, fóònù á dójú tì yín, ẹ háyà ẹ̀ fún ọjọ́ kan péré.

Ẹ sì máa pa fíríìsà onílé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó ń kùn. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀, torí ẹ ò ní lè lọlé láì ṣí i, ẹ̀ẹ́ sì rántí tàn án padà. Ẹran kílò mẹ́rin ni mo san kí n tó kọ́ ìyẹn.